Agbọ̀n Ìyá Mi Lábẹ́ Àtẹ̀gùn Ilé Olóbì

Nígbà tí èmi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi wà ní kékeré, imú ni a fi ń mọ ọ̀nà ní Mákún, ní Ṣàgámù. Bí o bá gbọ́ òórùn búrẹ́dì, o ti dé ìdí ààrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ òórùn epo ọkọ̀, o ti dé ìdíkọ̀. Ṣùgbọ́n bí òórùn tútù kan bá pàdé rẹ, òórùn ewé gbòdògì àti obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, o ti dé Ilé Olóbì. Àwọn àgbà kì í tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ulé Olóbì ni wọ́n ń pè é, bí àwa ọmọdé tí ilé ìwé ti ba ẹnu wa jẹ́ bá sì pè é ní "ilé," wọ́n á bi wá bóyá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí wa.

Mo fẹ́ràn òórùn yẹn nígbà kan. Lẹ́yìn náà ó di ohun tí mo ń sá fún. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e wá bá mi lójú ọ̀nà, ṣe ni ojú á tì mí, bí ẹni pé ẹnìkan ń pariwo orúkọ ìyá mi láàárín ọjà. N kò lè sọ ìtàn ilé náà kí n má sọ ti ìtìjú yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì pọ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló máa ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà fún wa. Òun ni olórí àwọn oníṣòwò obì nígbà náà, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní abẹ́ igi ọdán ni wọ́n ti ń ná obì tẹ́lẹ̀. Oòrùn á pa wọ́n, òjò á pa wọ́n, ewúrẹ́ á sì jẹ ewé tí wọ́n fi bo ọjà. Lọ́jọ́ kan òjò ńlá kan gbé agbọ̀n obì lọ tààrà sínú gọ́tà, ni wọ́n bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá tajà, kó ra búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin ń ru yanrìn láti odò bí wọ́n bá ń bọ̀ láti oko. Àwọn ará Sábó tó ń ra obì lọ sí Òkè Ọya dá páànù òrùlé. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, tó sì ń fi pàǹkẹ̀rẹ̀ hun àga, ló kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, òun ló sì ṣe àtẹ̀gùn tó lọ sókè. Igi ìrókò ni, apá rẹ̀ tí a ń fọwọ́ dì mú ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Bí àlejò bá wọlé, àtẹ̀gùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wò, ẹnìkan á sì sọ fún un pé, "Bàbá Ṣadé ló ṣe é." Èmi ni Ṣadé. Ẹ ò lè mọ bí orí mi ṣe máa ń wú.

Ìsàlẹ̀ ilé náà jẹ́ gbọ̀ngàn méjì. Apá kan wà fún obì, èkejì fún kòkó àti ẹkùrọ́, níbi tí òṣùwọ̀n onírin kan dúró sí bí màlúù tó ń sùn. Ní apá ti obì, wọ́n fa ìlà sórí sìmẹ́ńtì kí ó tó gbẹ, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ìlà tirẹ̀. Ti ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì. Ti Ìyá Rísì ló tẹ̀ lé e, ọmọge lásán ni Ìyá Rísì nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Rísì ni. Òkè ni ọ́fíìsì wà. Pátákó dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tí obì àti kòkó jẹ́ lójoojúmọ́ sí, akọ̀wé kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pariwo sínú tẹlifóònù. "Hẹ́lò! Kánò! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ìyá Ẹgbẹ́ a máa sọ pé bí akọ̀wé yìí bá lè ṣí fèrèsé, Kánò á gbọ́ ọ láìsí tẹlifóònù.

Àwa ọmọdé, apá àtẹ̀gùn bàbá mi ni eré wa. A ó gùn ún láti òkè, a ó sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀ wá sílẹ̀ títí ìdí yẹ̀rì wa á fi lu. Bí Ìyá Ẹgbẹ́ bá mú wa, ìyà rẹ̀ ni pé kí a kúnlẹ̀ síwájú òṣùwọ̀n kòkó, kí a ká ọwọ́ sókè, òun á sì máa bi àwọn tó ń ra kòkó bóyá wọ́n á rà wá. Ọ̀kan nínú wọn wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Eléyìí kò tíì gbẹ." Ilé gbogbo bú sẹ́rìn-ín.

Nílé, obì bíbó ni iṣẹ́ wa. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó wá jókòó yí agbada ká, èmi àti Délé àbúrò mi, a ó máa bó o. Oje rẹ̀ á pa ọwọ́ wa láró, ọṣẹ kò sì ràn án. Bí a bá ti ṣe dáadáa, gàárì Ìjẹ̀bú tó kan gógó àti òjòjò gbígbóná ni owó iṣẹ́ wa. Bí a bá ṣe é ní ìṣekúṣe, tí èékánná wa ha obì lára, ìyá mi kò ní nà wá. Á kàn mú èyí tí a bà jẹ́ náà, á gbé e ka iwájú wa lórí tábìlì oúnjẹ, a ó sì máa wò ó jẹun. Ó sàn kó nà wá.

Lẹ́yìn bíbó ni iṣẹ́ tó gba sùúrù. Omi ní láti ro tán lára obì, kí obì wà nínú agbọ̀n, kó làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, obì a máa làágùn bí ènìyàn. Bí òógùn rẹ̀ bá tán, wọ́n á fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á to obì, wọ́n á fi ewé bo orí rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn rán ẹnu agbọ̀n pa. Láti ìgbà náà, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Bí omi bá kàn án, á ti dúdú kó tó dé Òkè Ọya. Àwọn oníjìbìtì kan ní ibòmíràn a máa wọ́n omi sí obì ní kọ̀rọ̀ kí ó lè dán, kí ó sì wú. Orúkọ burúkú jù lọ tí wọ́n lè pe oníṣòwò ní Ṣàgámù ni "olómi."

Ẹni tó ń rà kì í tú agbọ̀n wò nínú Ilé Olóbì. Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Ẹni tó rán ẹnu agbọ̀n, ẹnu rẹ̀ la rà, a ò ra obì." Ìdí nìyẹn tí òfin kan fi wà. Bí ọjà rẹ bá tú ọ fó, wọn kò ní na ọ́, wọn kò sì ní pe ọlọ́pàá. Wọ́n á gbé agbọ̀n rẹ sí abẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ti máa rí i, wọ́n á dojú rẹ̀ dé. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní ìdojúdé, o kò lè tajà nínú ilé. Ẹni tó ṣe ohun náà fúnra rẹ̀ ló ní láti wá, kó sọ ohun tó ṣe lójú gbogbo ènìyàn, kó sì yí agbọ̀n náà sókè. Wọ́n á pín obì jẹ, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dá a sọ mọ́. Mo rí i tí bàbá ẹlẹ́kùrọ́ kan ṣe é. Ó ti fi òkúta sáàárín ẹkùrọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi wá, ó ní Èṣù ló ti òun, Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí Èṣù náà wá yí agbọ̀n nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n pín obì, ó sì padà sí ojú ìlà rẹ̀. Kò ṣòro rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún tí mo wọ kíláàsì karùn-ún, àbúrò ìyá mi bímọ ní Ìpẹ̀rú, ìyá mi sì lọ bá a wẹ ọmọ. Obì rẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ti làágùn tán, ewé ti wà lórí rẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi pé bí ọkọ̀ Àlàájì Gámbò bá dé kí òun tó padà, kó rán ẹnu agbọ̀n, kó sì kó wọn fún un. Àlàájì Gámbò ni oníbàárà rẹ̀ láti Sábó, ọkùnrin gíga kan tó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Mákún, àfi bí inú bá bí i.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, a bọ̀ láti ilé ìwé, a bá a ní ẹ̀yìnkùlé tó ká ọwọ́ lérí. Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ọkọ̀ Àlàájì Gámbò ti kó obì lọ. Mo rò pé ọmọ tuntun Ìpẹ̀rú ló kú. Mo bi í, ṣe ló sáré jáde láìwé gèlè, mo sì tẹ̀ lé e dé Ilé Olóbì. Ó gun àtẹ̀gùn lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé pariwo, "Kánò! Kánò!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀rọ náà ti kú láti ọjọ́ mélòó kan. Ìyá mi ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ náà kò sì jí.

Ọjọ́ tí Àlàájì Gámbò padà dé, ọjọ́ ọjà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ru agbọ̀n kan wọlé, kò jẹ́ kí alábàárù bá a gbé e. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ojú ìlà ìyá mi, ó gé okùn rẹ̀. Òórùn tó jáde níbẹ̀, mo ṣì lè gbọ́ ọ. Obì náà ti dúdú, ó ti hu irun funfun. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Ṣadé, ìwọ kẹ̀?" Ó dà bíi kó sunkún.

Ìyá Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ewé orí agbọ̀n, ó fi kan ewé abẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú Ìyá Rísì, Ìyá Rísì náà wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Omi." Kódà àwọn tó ń wọn kòkó fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, wọ́n wá wò ó. Ó bi ìyá mi léèrè pé ta ló wọ́n omi sí i. Ohun tí ìyá mi sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Ẹ dojú rẹ̀ dé."

Wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ìyá mi fi obì mìíràn rọ́pò ti Àlàájì, ó ká ẹní rẹ̀ kúrò ní ojú ìlà rẹ̀, ó sì mú mi lọ́wọ́ lọ sílé. Mo ti rò pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á lọ yí i sókè bí bàbá ẹlẹ́kùrọ́. Ọ̀sẹ̀ kọjá. Oṣù kọjá. Kò lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ọmọdé ṣe burú tó. "Ọmọ olómi" ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á ní ìyá mi ló ń tajà lókè. Bí a bá ń ta súwè, wọ́n á ní kí n má tẹ ìlà, mo lè sọ ọ́ di omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọwọ́ mi mọ́ sínú àpò nítorí àró obì, bẹ́ẹ̀ ni ilé wa kò tilẹ̀ bó obì mọ́. Ìyá mi ń din òjòjò níwájú ilé. Òjòjò tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, n kò lè gbé e mì mọ́. Lọ́jọ́ àwọn òbí nílé ìwé, mo sọ fún un pé wọ́n ti sún un síwájú, kó má baà wá. Ojú rẹ̀ ń tì mí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fọ aṣọ mi, ó ń di irun mi, ó ń fi ẹran tirẹ̀ kún tèmi nínú àwo ìkọ́kọrẹ́.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kò gba iwájú Ilé Olóbì kọjá mọ́. Láti ilé wa sí ìsọ̀ rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ló yá jù. Ó ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á yípo, á fo gọ́tà méjì pẹ̀lú pákó lórí. Mo rò pé ojú ìyá mi ló ń ti òun náà, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Kò bá ìyá mi jà. Ó ra aṣọ òkè kan fún un, ìyá mi dúpẹ́, ó ká a sínú àpótí, kò sì ró o rí. Nígbà kan tí a ń jẹun, mo tutọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo ní, "Màmi, kí ló dé tí ẹ ò kàn lọ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, kí gbogbo rẹ̀ parí?" Mo dúró de ìgbátí. Ìyá mi kò wò mí, bàbá mi ló ń wò. Bàbá mi dìde, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Òwe tó máa ń pa sí ohun gbogbo nìyẹn. Ó jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ayé ń lọ. Àwọn ọkọ̀ obì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà sí oko, lẹ́yìn náà sí ìyànà ọ̀nà Èkó. Ẹ̀rọ alágbèéká dé, kò sẹ́ni tó nílò akọ̀wé tó ń pariwo. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kòkó tà fún àwọn onírin àlòkù. Òkè ilé di ti télọ̀, ó di ti olùkọ́ lẹ́sìnnì, ó wá di ti àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ìyá olóbì díẹ̀ ṣì ń jókòó sí ojú ìlà wọn nísàlẹ̀ láàárín ariwo gbogbo yẹn, Ìyá Rísì sì ti di olórí wọn. Bàbá mi di alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri níbẹ̀ nígbà tó kú, nítorí pé òun ló ṣe gbogbo àga wọn láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin olóòótọ́ ni. Agbọ̀n ìyá mi ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ní ìdojúdé.

Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ kan láti Èkó ra Ilé Olóbì. Wọ́n ń tún un kùn, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹrù níbẹ̀ wá kó o. Ìyá mi ti darúgbó gan-an báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó pè mí láti ilé tí a kó lọ sí ní Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó ní, "Gbé mi lọ gbé agbọ̀n mi." Mo sọ fún Délé lórí fóònù, ó ní kí n kàn jù ú sínú búùtù, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Èrò tèmi náà nìyẹn. Mo fẹ́ kí a tètè lọ, kí a tètè jáde, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wá má wà níbẹ̀.

Gbogbo àwọn ìyá tó kù ló wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà máa wà hàn wọ́n. Ọmọ tó mọ ọmọ ṣe ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní kòkó, obì, àgbàdo, gbogbo rẹ̀ ni àwọn á máa tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé ọjà wá. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ máa wà.

Ìyá mi bi í pé, "Ta ló máa wá fọwọ́ kàn án?"

"Kò sí o, Màmá. Wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó wà."

"Bí ẹnìkan bá wọ́n omi sí i ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "A máa dá ọjà náà padà ni, Màmá."

"Mi ò béèrè ọjà lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó wọ́n omi yẹn ni mò ń béèrè."

Ìyá mi ti fi ọmọ náà sílẹ̀, ó ti ń lọ sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú agbọ̀n náà, ni Ìyá Rísì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Agbọ̀n yìí kì í ṣe tiyín."

Ìyá mi ní, "Ìyá Rísì, jẹ́ kí n lọ."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ yẹn náà la ti mọ̀. Olómi, obì ló máa ń wọ́n omi sí. Ewé la bá omi lára tiyín. Ta ló fẹ́ fi ewé tútù rẹ́ni jẹ?" Ó yíjú sí mi. "Ṣadé, ta ló máa ń rẹ nǹkan sómi nílé yín kó má baà sán?"

Mo ti fẹ́ sọ pé n kò mọ̀. Mo sì mọ̀. Pàǹkẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá mi kì í hun àga láìkọ́kọ́ rẹ pàǹkẹ̀rẹ̀ sínú omi. Ohun tó bá ti gbẹ lójú rẹ̀, omi ni oògùn rẹ̀. Ó ti rí ewé tó ń gbẹ lórí obì ìyàwó rẹ̀, ó ti rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́. Mo wo ìyá mi. Ó ń fi gèlè nu imú. Ó ní, "Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé ni. Ó ní, 'Mo tiẹ̀ bá ẹ bomi rin wọ́n.' Inú rẹ̀ dùn. Ọkọ̀ sì ti lọ."

Mo bi Ìyá Rísì pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Ẹni tó bá ṣe é ló ń sọ ọ́. Òfin ilé yìí nìyẹn. Òun la dojú rẹ̀ dé fún, òun la ń dúró dè. Bàbá yín sì máa ń wá o. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, á dúró kí ọjà tú lọ́sàn-án, á gba ẹ̀yìn wọlé, á jókòó síbí tòun ti pàǹkẹ̀rẹ̀, á tún gbogbo ibi tí ìkán jẹ lára agbọ̀n yìí hun. Á fọwọ́ lé e lórí báyìí. Lẹ́yìn náà á dìde, á lọ. Títí ọdún tó kú. A máa ń ṣe bí ẹni pé a ò rí i."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí. Ojú bàbá mi tì mí, pé ọkùnrin tó lè gé ìrókò kò lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan tí ẹlẹ́kùrọ́ fi ẹ̀rín sọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá mi ni mo fi gbogbo ìgbà èwe mi tijú rẹ̀.

Ìyá Rísì ní ẹni tó ni agbọ̀n kò sí mọ́, ọmọ rẹ̀ àgbà ló kù tó lè sọ ọ́, kó yí i sókè. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe Délé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ Dádì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Òkú ò lè rojọ́. Màmá ti fara dà á dé ibí, kí ló tún kù?" N kò bínú sí i. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lórí fóònù, ohun tí n bá sọ nìyẹn. Mo wo inú ilé láti ojú fèrèsé. Ìyá mi ti lọ jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì. Ọ̀dà tuntun ti bo ìlà ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi ibẹ̀ hàn án, ojú ìlà rẹ̀ gan-an ló jókòó sí.

Mo padà wọlé. Àwọn tó ń kun ilé sọ búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn bàbá mi, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá mi ló wọ́n omi sí obì yìí. Kò mọ̀ pé á bà á jẹ́. Ó mọ̀ nígbà tó yá, kò sì lè sọ ọ́. Kì í ṣe ìyá mi." Ohùn mi dà bí ti ọmọ kíláàsì karùn-ún. Mo yí agbọ̀n náà sókè. Sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ mọ́ roboto, bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ.

Ìyá Rísì pín obì gbànja kan, ó fún mi ní apá kan, ó fún ìyá mi ní èkejì. Ìyá mi kò ní eyín mọ́. Ó fi èrìgì rẹ̀ rún un títí, omijé ń bọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé obì òde òní kò korò tó ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tiwa, ìtìjú pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹni tí kò jẹ̀bi ló sì máa ń rù ú. Lóde òní, wọ́n á tajà tí wọn kò rí fún ẹni tí wọn kò mọ̀, bí ó bá sì bàjẹ́, wọ́n á dá ọjà padà, kò ní sí agbọ̀n kankan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ mi ní tòní ló sàn. Ó ṣeé ṣe. N kò lè bá wọn jiyàn, nítorí mo mọ ohun tí agbọ̀n yẹn ná wa. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń ronú nípa àwọn ìyá wọ̀nyẹn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró de ẹnu ọkùnrin kan.

Ìyá mi kọ̀, kò jẹ́ kí n gbé agbọ̀n náà sínú búùtù. Orí itan rẹ̀ ló gbé e sí títí a fi dé Ìkẹ́nnẹ́, ojú agbọ̀n sókè, gèlè rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ etí agbọ̀n yípo, níbi tí pàǹkẹ̀rẹ̀ tuntun ti wọ inú ti àtijọ́ tí o kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó ní, "Bàbá yín mọ nǹkan í hun o. Ẹnu ni kò ní."